Ewúro àti oògùn ṣúgà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Màmá mi ní ṣúgà, oògùn ṣúgà tó ń jẹ́ glibenclamide ni wọ́n ń lò àmọ́ wọ́n tún ń mu omi ewúro láràárọ̀, lánàá ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, òógùn bò wọ́n. Kí la máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó jọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló lọ sílẹ̀ jù, torí oògùn yẹn ń fà á wálẹ̀, ewúro náà lè fà á wálẹ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ tí ojú wọn ṣì dá, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 3 sómi fún wọn kíá, ẹ tún ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí wọ́n bá dákú, ẹ má rọ nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ọsibítù ni. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o! Ẹ gbé ife ewúro yẹn gan-an lọ han dókítà wọn lọ́sẹ̀ yìí, torí àwọn ìyá wa máa ń fi àgbo tí wọ́n ń mu pamọ́ fún àwa dókítà, ó sì máa ń dùn mí gan-an.