Nam Op fún Títà: Kí Ni Kí Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe É Ṣọ́ra Fún?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ìlú Bangkok ni mo ń gbé. Mo fẹ́ máa ṣe nam op fún títà, ìyẹn omi olóòórùn dídùn tí àwọn ará Tháílándì máa ń dà sọ́wọ́ àwọn àgbà nígbà ọdún Songkran. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ọjà bá tà, n ó máa ba igbó jẹ́. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Òdodo ni pé igbó wà nínú ewu, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tó ń gbin òdòdó mali, ìyẹn jásímìn, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti se omi, tí ó tutù, tí wọ́n sì ti fi èéfín oje igi kamyan rin ín nínú ìkòkò tí wọ́n dé, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń da mali sójú omi náà, nítorí òru ni òdòdó yìí ń là tí ó sì ń tú òórùn sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kó o kúrò kí ó tó rà. Oògùn apakòkòrò tó bá wà lára òdòdó náà yóò bá a wọnú omi tí ẹ fẹ́ dà sọ́wọ́ àgbàlagbà. Ẹ bá àgbẹ̀ tí kì í fín oògùn ṣe àdéhùn, kí ẹ sì fi owó kún owó rẹ̀.

Ní ti igi, kamyan kò le, nítorí èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ kí oje lè jáde, igi náà á sì wà láàyè. Kritsana, ìyẹn igi olóòórùn tí wọ́n tún ń pè ní Aquilaria, ni ìṣòro. Èyí tó bá farapa, tí èbu sì wọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, nìkan ló ń ní oje dúdú olóòórùn nínú. Ojú kì í sì í tètè dá a mọ̀ láti ìta, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá a fi gé àìmọye igi lulẹ̀ lásán. Láti ọdún 2005 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti ń ṣọ́ òwò gbogbo ẹ̀yà igi Aquilaria. Bí ẹ bá máa lò ó rárá, ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó gbìn ín, bí àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Trat tí wọ́n ń dá ọgbẹ́ sí i lára fúnra wọn.

Ẹ forúkọ ọjà yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Tháílándì kí ẹ tó tà á. Omi ni nam op, ó sì máa ń bàjẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ ṣe díẹ̀ ju kí ẹ kó kẹ́míkà sí i lọ. Oṣù kẹta ni kí ẹ ṣe èyí tí ẹ máa tà fún Songkran ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, nítorí mali máa ń pọ̀ lákòókò ooru, ṣùgbọ́n nígbà òtútù, owó gọbọi ni wọ́n ń tà á.