Kí ló ń tan iná ìkìlọ̀ bíréèkì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Mazda MX-5 àtijọ́?

Bó bá jẹ́ MX-5 àkọ́kọ́ ni, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1989, ẹ kọ́kọ́ wo ike ọ́ìlì bíréèkì kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà jáde rárá. Bí ọ́ìlì bá ti lọ sábẹ́ àmì MIN, ẹ má kàn rọ ọ́ kún kí ẹ sì máa lọ. Páàdì tó ti jẹ máa ń jẹ́ kó lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó lè jẹ́ pé ó ń jò: ẹ yẹ ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Bí bíréèkì bá ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wà á. Bí ọ́ìlì bá pé, ẹ yọ wáyà swíìṣì hándì bíréèkì. Bí iná bá kú, swíìṣì yẹn ló há.