Oṣù wo ló wà nínú "nǹkan oṣù"?

Ìbéèrè: Ìyàwó ilé ni mí, ọ̀dọ̀ màmá ọkọ mi là ń gbé ní ìtòsí Ọjà Ọba n'Íbàdàn. Lóṣù Máàṣì, mo rí nǹkan oṣù mi ní ọjọ́ 3, mo sì tún rí i ní ọjọ́ 29. Màmá ní obìnrin kì í rí i lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan, pé orúkọ rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ se àgbo fún mi, wọ́n sì tún kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò náà tí mo bá wà lórí ẹ̀jẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé ó gbọ́dọ̀ pé oṣù kan gbáko? Kí sì ni ìdí èèwọ̀ yẹn?

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o. Òótọ́ ni màmá sọ pé orúkọ ló sọ ọ́, àmọ́ oṣù inú kàlẹ́ńdà kọ́ ni oṣù inú orúkọ yẹn. Àwọn tó kọ́kọ́ pè é ní nǹkan oṣù ò ní kàlẹ́ńdà lára ògiri. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò. Bí òṣùpá bá yọ, wọ́n á ní oṣù ti lé. Bó bá wọ̀, tí òmíràn tún lé, oṣù kan ti pé nìyẹn. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò yín ṣì ń wojú ọ̀run bẹ́ẹ̀ bí ààwẹ̀ Ramadan bá kù dẹ̀dẹ̀. Oṣù tó ń lé lójú ọ̀run kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 29 àtààbọ̀ lọ. Kò sí ọlọ́jọ́ 31 níbẹ̀. Kódà, obìnrin tó ń rí tirẹ̀ ní ọjọ́ 28 síra wọn láìyẹ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Máàṣì, ọjọ́ 31 oṣù yẹn kan náà ló máa tún rí i. Ṣé a máa wá ní òun náà ń ṣàìsàn ni?

Kì í ṣe pé òṣùpá ló ń fà á o. Wọ́n kàn fi ṣe òṣùwọ̀n ni, nítorí pé iye ọjọ́ wọn súnmọ́ra. Ara inú ilé ọmọ ló ń nípọn de oyún. Bí oyún ò bá dé, ohun tó nípọn yẹn á re, á sì bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Iye ọjọ́ tí èyí ń gbà kò dọ́gba lára gbogbo obìnrin. Àgbàlagbà obìnrin tí tirẹ̀ bá wà láàárín ọjọ́ 21 sí 35, kò sí ohun tó ṣe é. Ti àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè tó 45.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni bá a ṣe ń kà á. Ẹ wo ọjà aṣọ òkè tí wọ́n ń ná ní Ojé. Ìtàdógún là ń pè é, ìyẹn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 16 ni ọjà kan fi jìnnà sí èkejì. Ohun tó fà á ni pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí mọ́ ọn. Bí àgbàlagbà bá fi irú ìkà yìí ka tiyín, láti ọjọ́ 3 dé ọjọ́ 29, ọjọ́ 27 ló máa bá a. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 3. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dá ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí tiyín bá dá ní ọjọ́ 7, á ní ọjọ́ 22 péré ni ẹ fi sinmi, á sì figbe ta.

Mi ò bá àwọn tó ń kà á báyẹn wí. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá lẹ̀sìn kọ́ wa láti máa ṣọ́. Obìnrin Mùsùlùmí kì í kírun, kì í sì í gbààwẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀. Ó dìgbà tó bá dá, tó wẹ̀wẹ̀ ìmọ́ra, kó tó padà sórí ìrun. Ààwẹ̀ tó jẹ, á san án padà, àmọ́ kì í san ìrun. Nínú àwọn ìjọ aláṣọ funfun kan náà, obìnrin ò gbọdọ̀ wọ ilé àdúrà títí tí ọjọ́ rẹ̀ fi máa pé. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìyá fi lè sọ ọjọ́ tí wọ́n parí fún yín lórí ahọ́n, tí wọ́n á sì máa rò ó kí wọ́n tó rántí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ń béèrè nílé ìwòsàn. Ẹ dé Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, ẹ dé UCH, nọ́ọ̀sì tó ń gba aláboyún sílẹ̀ á bi yín léèrè ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tẹ́ ẹ rí kẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ka 280 ọjọ́ láti mọ ìgbà tí ẹ máa bí. Ìkà wọn rọrùn: ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ gidi bá ti jáde ni ọjọ́ kìíní, ẹ máa kà á lọ títí dé ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí òmíràn dé gan-an. Ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 28, ọjọ́ 26 ni tiyín. Ó péye.

Kí àwọn ọmọ ilé ìwé má sì máa fi àwọn àgbà ṣẹ̀fẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án kì í ṣe 280. Ẹ fi oṣù ojú ọ̀run mẹ́sàn-án ṣírò: ọjọ́ 265 àtààbọ̀. Láti ọjọ́ tí oyún bá dúró gan-an sí ọjọ́ ìbímọ, nǹkan bí 266 ni. Kò sóhun tí wọ́n fi ṣìnà.

Ó dà bíi pé ọmọ ni màmá ń wá tí wọ́n fi fẹ́ se àgbo, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀. Ẹyin obìnrin máa ń já ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn la ti ń kà á wá, kì í ṣe iwájú. Tiyín lóṣù Máàṣì á jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 15. Àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin tó ọjọ́ márùn-ún, ẹyin kì í sì í ju ọjọ́ kan lọ. Láti ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 15 ni oyún lè dúró nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ọjọ́ 7! Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bá dá, ó ti mú yín kọjá ibẹ̀. Obìnrin ilé kejì tí tirẹ̀ ń gba ọjọ́ 32, tó bá yín bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, á tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ẹyin tirẹ̀ tó já. Ìṣirò nìyí o, ara lè yẹ̀ ẹ́. Ẹ máa wo omi ojú ara náà. Tó bá ti ń yọ̀, tó ń fà bíi funfun ẹyin adìyẹ, àsìkò náà ti súnmọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ kan wà tí àwọn onífètò-sọ́mọ-bíbí fi ń kọ́ni, ẹyọ 32, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Pupa ni ọjọ́ kìíní, funfun ni ọjọ́ 8 sí 19 tí oyún lè dúró. Àwọn tí tiwọn wà láàárín ọjọ́ 26 sí 32 ló wà fún. Kì í ṣe ti ìdí o, ẹ má lọ so ó mọ́ bèbè. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, bírò àti kàlẹ́ńdà ìsìnkú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti tó: ẹ fa ìlà yí ọjọ́ kìíní ká lóṣooṣù, kẹ́ ẹ ṣe é tó ìgbà mẹ́fà.

Ní ti èèwọ̀, ẹ̀jẹ̀ ní agbára lójú Yorùbá, oògùn náà sì ní tirẹ̀. Wọ́n gbà pé bí méjèèjì bá pàdé, ti oògùn á bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í fi í ré oògùn kọjá, tí kì í sì í wọ ojúbọ ọ̀pọ̀ òrìṣà. Ẹ ṣàkíyèsí pé oògùn ni wọ́n ń bẹ̀rù fún, wọn ò sọ pé obìnrin náà ló máa fara pa. Ẹni tó bá ní ìdọ̀tí lásán ni wọ́n kà á sí ti bu ọ̀rọ̀ náà kù. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ màmá pa èèwọ̀ yẹn mọ́, kò ní yín lára. Àgbo gan-an ni mi ò rí ìdí rẹ̀, torí ọjọ́ 26 kì í ṣe àrùn. Ẹ kúnlẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ máa kà á ná."

Ohun tó yẹ kó gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà ni bó bá ń ya ṣáájú ọjọ́ 21 tàbí tó ń kọjá 35 léraléra, bí ẹ̀jẹ̀ bá ju ọjọ́ méje lọ, bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ láàárín méjì, tàbí bí kò bá wá fún oṣù mẹ́ta láìsí oyún.