Àgádágodo mẹ́ta lẹ́nu ilẹ̀kùn kan

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè bóyá kí àwọn ṣì ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn ní Iléṣà pa títí ọ̀rọ̀ ogún á fi yanjú láàárín àwọn ọmọ ìyàwó mẹ́ta tí bàbá fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í. Mo mọ ibi tó ń já sí. Òkèsà ni ilé tiwa wà, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ògiri iwájú rẹ̀ wó.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi. Aṣọ ni wọ́n ń gbé lọ sí ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó wọn. Owó tí wọ́n lóṣòó gbà yẹn ni wọ́n fi kọ́lé. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn débi pé àwa ọmọdé máa ń jókòó sójú fèrèsé, tí a ó tún nasẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lóde, wọ́n fi òdòdó àti kìnnìún ṣe ọ̀ṣọ́ sí i, bí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé ṣe ń kọ́lé l'Ékòó. Ìrókò ni àtẹ̀gùn rẹ̀. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni a sin bàbá àgbà sí, a sì sin ìyá àgbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá àgbà, tíṣà kan ló ṣẹ́kù nínú ilé náà, ó háyà yàrá méjì nísàlẹ̀. Owó tó ń san kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n òun ló ń gbá ewé kúrò ní gọ́tà, òun ló ń ṣí fèrèsé òkè kí atẹ́gùn lè wọlé, òun náà ló ń pe bàbá mi l'Ékòó bí ìjì bá ṣí páànù. Ìjà wá bẹ́ lórí ẹni tó yẹ kó máa gba owó ilé. Kí ẹnu lè pa mọ́, wọ́n ní kí tíṣà kó jáde. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, wá ra àgádágodo tirẹ̀, mẹ́ta gbáko lẹ́nu ilẹ̀kùn kan. Àfi kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí ẹnikẹ́ni tó lè wọlé, wọn ò sì pé rí. Ó ń dùn mí títí dòní. Ẹni tó ń tọ́jú ilé fún wa, àwa la lé e.

Ọdún kìíní, ẹ ò ní rí nǹkan kan láti títì. Páànù kan péré ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ká sókè lẹ́yìnkùlé. Òjò ń rọ̀ sórí ògiri láti òkè, amọ̀ ń mu ún, sìmẹ́ńtì tó wà lóde ò sì jẹ́ kó gbẹ. Awọ lásán ni sìmẹ́ńtì yẹn. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì dára, kìnnìún ṣì wà lórí rẹ̀, inú ti di ẹrọ̀fọ̀. Ikán bá ara ọ̀rinrin náà gòkè. Wọn ò rí ìrókò jẹ, ṣùgbọ́n igi òrùlé kì í ṣe ìrókò. Ẹyẹ àti àdán ya ìgbẹ́ sínú ibi tó lanu, ọ̀pọ̀tọ́ hù níbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń ya ògiri sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Káfíńtà tó wá wo páànù àkọ́kọ́ yẹn látorí àkàbà bu owó fún wa. Kò tó owó aṣọ ẹbí tí a rà nígbà ìsìnkú. A ní kó dúró ná, títí ẹbí á fi ṣèpàdé.

Nígbà tí ẹ̀yìn ilé ya lulẹ̀, àwọn olè ò nílò kọ́kọ́rọ́ mọ́. Wọ́n tú ilẹ̀kùn, wọ́n tú férémù fèrèsé, lóru ọjọ́ kan wọ́n kó àtẹ̀gùn ìrókò lọ pátápátá. Òjò àrọ̀kúrò ló wá parí iwájú. Àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lára ilẹ̀kùn tó dùbúlẹ̀.

Ìgbà tó ti bọ́ tán la wá lọ bá lọ́yà. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò ṣókùnkùn. Ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole l'Ékòó, ti bàbá tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, parí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962: bí bàbá ò bá kọ ìwé ìhágún, ìdí-igi ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti pín ogún, bí ìjà bá bẹ́, olórí ẹbí lè ní kó jẹ́ orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba. Èyí tó kàn yín jù, ẹ̀gbọ́n: ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ló di gbogbo wa lọ́wọ́. Bàbá mi ní owó páànù lọ́wọ́, àbúrò wọn ní in, oníkálukú ń fura pé ẹni tó bá kan ìṣó kan á gba ilé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i pé àtúnṣe kì í ṣe ìpín, kí ẹ sì máa kó rìsíìtì pamọ́. Ní ti títà, bí olórí ẹbí ò bá sí nínú rẹ̀, òfo ni. Bí òun nìkan bá dá tà á, àwọn tó kù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n yí i padà.

Ṣùgbọ́n kí òjò tó dé, ẹ wá káfíńtà, kó gun òrùlé. Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó lé, ẹ má wo ọ̀dà. Níbi tí amọ̀ ti bó, amọ̀ ni kí ẹ fi dí i, lẹ́yìn tó bá gbẹ; ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà tún fi sìmẹ́ńtì bò ó ní tútù. Kí ẹ sì fi ẹnì kan síbẹ̀, kódà bí kò bá ní san kọ́bọ̀.

Èmi àti àwọn ọmọ bàbá mi lọ kan páànù mẹ́fà sórí òpó mẹ́rin lọ́dún tó kọjá, níbi tí pálọ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí òjò má baà máa rọ̀ sórí ibojì àwọn arúgbó méjèèjì.