Ṣé mo lè fi ọwọ́ ara mi to bátìrì lítíọ́mù fún ínfátà ilé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjínnìà. Aránṣọ ni mí ní Ọ̀ṣogbo, inú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ní ínfátà 24V tó ń gbé 2000W, pẹ̀lú bátìrì olómi 200Ah méjì tí wọ́n ti ń kú lọ. Bí NEPA bá mú iná lọ ní aago méje alẹ́, kí ó tó di aago mọ́kànlá, ínfátà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní pólì ní ká ra sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù 280Ah mẹ́jọ ká tò ó fúnra wa, pé owó rẹ̀ á dín sí èyí tí wọ́n ti tò láti ilé-iṣẹ́. Ó tún ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan tó tú nínú laptop. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé kò ní gbiná mọ́ wa lórí? Ṣé mo sì lè so àwọn bátìrì àtijọ́ mọ́ ọn?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, Àǹtí mi, ọmọ náà kò parọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ láìwọn oníbàárà, ẹ ti mọ ìlànà iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀: wíwọ̀n ló ń gba àkókò, síso kì í pẹ́. Nítorí náà, bí kò bá tíì sí mítà tó dára nílé, èyí tí a fi ń wọn fólítì, ẹ má tíì ra sẹ́ẹ̀lì kankan.

Èyí tó léwu jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni màá kọ́kọ́ mú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì laptop yẹn, ẹ bá mi gbà wọ́n lọ́wọ́ ọmọ náà. 18650 ni wọ́n ń pè wọ́n, torí pé wọ́n fẹ̀ ní mìlímítà 18, wọ́n sì gùn ní 65. Kálukú wọn ló ní ọjọ́ orí tirẹ̀ àti àìsàn tirẹ̀. Ká ní 2Ah ló ṣẹ́ kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó nílò bí ọgọ́rùn-ún méje kí ẹ tó rí 5000Wh (wáàtì ìlọ́po wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè kó pamọ́), ojú ibi tí ẹ máa lẹ̀ á sì ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Irú lítíọ́mù tó wà nínú laptop, bó bá gbóná kọjá ààlà, inú ara rẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń tú jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ iná tó ń jó o. Kò yẹ kí irú èyí wà níbi tí aṣọ wà. Àwọn tuntun tí wọ́n kọ 9900mAh sí lára ní ọjà ńkọ́? Irọ́ ni. 18650 gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3500mAh.

Èyí tí a ń fẹ́ fún ilé ni LiFePO4, ìyẹn lítíọ́mù onírin àti fọ́sífétì. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni ó jáde láti yàrá ìwádìí John Goodenough ní Yunifásítì Texas, ọkùnrin kan náà tó pín ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2019 pẹ̀lú Stanley Whittingham àti Akira Yoshino. Fọ́sífétì inú rẹ̀ di ọ́síjìn mú dan-in dan-in, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yára gbiná. Ẹ má wá tìtorí ìyẹn fi ojú di í o. Bí ẹ bá ṣáájì rẹ̀ kọjá ààlà, yóò wú, yóò sì tú gáàsì tó lè gbiná. Ẹ má gbé e sí yàrá ibi tí ẹ ń sùn, ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ lè gbà jáde, ẹ má sì gbé e sókè àjà lábẹ́ páànù. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, àwọn tó ṣe wọ́n kò fẹ́ kí a ṣáájì wọn bí ara wọn bá ti kọjá 45°C, abẹ́ páànù nínú oṣù kẹta sì lè kọjá bẹ́ẹ̀.

Ó kan ìṣirò. Fáànù méjì oní-60W fún wákàtí mẹ́jọ, 960Wh. Gílóòbù LED márùn-ún oní-9W fún wákàtí mẹ́fà, 270Wh. Tẹlifíṣọ̀n 70W fún wákàtí mẹ́rin, 280Wh. Fíríìjì kékeré tó ń jẹ bí 70W bí a bá pín in kárí, wákàtí mẹ́wàá, 700Wh. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2210Wh. Ínfátà náà ń jẹ tirẹ̀, ẹ fi 0.9 pín in. A kò sì fẹ́ máa lo bátìrì gbẹ, ẹ tún fi 0.8 pín in. Ó di nǹkan bí 3070Wh lóru kan. Sẹ́ẹ̀lì LiFePO4 kan jẹ́ 3.2V. Mẹ́jọ tí a tò tẹ̀lé ara wọn jẹ́ 25.6V, ẹ fi 280Ah sọ ọ́ di púpọ̀, 7168Wh. Òru méjì nìyẹn, ó sì tún ṣẹ́ kù fún áyọ́ọ̀nù. Bátìrì olómi yín méjèèjì jẹ́ 4800Wh nígbà tí wọ́n ṣì wà ní tuntun, ṣùgbọ́n ìdajì péré ló dára kí a máa lò nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú dé ni bí wọ́n ṣe máa kún un padà. Bí ṣájà inú ínfátà yín bá jẹ́ 20A, wákàtí mẹ́rìnlá ni yóò fi kún 280Ah. Iná ìjọba tó bá dúró fún wákàtí mẹ́fà yóò kó 120Ah péré sí i. Bí ẹ kò bá ní sólà, tí iná àdúgbò yín kì í sì í dúró pẹ́, bátìrì ńlá kò ní kún láéláé, ẹ kàn kó owó sílẹ̀ ni. Ẹ wo ṣájà kí ẹ tó pinnu bí sẹ́ẹ̀lì ṣe máa tóbi tó.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé mítà dání lọ. Sẹ́ẹ̀lì tuntun máa ń wà ní àyíká 3.29V sí 3.30V, kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Èyí tó bá ti sọ̀ sí 2V, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó dín owó tó. Ẹ fi rúlà tó tọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ikùn rẹ̀ bá yọ, ó ti wú. Ẹ wo ara ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi wé e bóyá ó ti ya, nítorí pé alumíníọ́mù ló wà lábẹ́ rẹ̀, iná sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wo kóòdù tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ti ha kóòdù rẹ̀, ó níbi tó ti ń bọ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni BMS, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, tó ń gé iná bí ọ̀kan bá ti kọjá 3.65V tàbí tó bá ti sọ̀ dé 2.5V. 2000W yín, bí fólítì bá ti wálẹ̀ dé 24V, tí a sì tún fi 0.9 ti ínfátà pín in, máa fa nǹkan bí 93A. Ẹ ra BMS 150A, kó má bàa máa làágùn. Kó jẹ́ èyí tó ní báláǹsì alágbára, bí 1A sókè. Àwọn olówó pọ́ọ́kú ń fi 0.05A ṣe báláǹsì, bí sẹ́ẹ̀lì kan bá sì fi 5Ah kẹ́yìn, ọgọ́rùn-ún wákàtí ni wọ́n fi máa ṣe é dọ́gba. Wáyà ńlá, mìlímítà onígun mẹ́rin 35 (35mm²), bàbà gidi.

Fíúùsì ni wọ́n máa ń fẹ́ fò, torí pé ó wọ́n. Ẹ má fò ó. Atakò iná inú sẹ́ẹ̀lì 280Ah kan kò ju bí ìdámárùn-ún milliohm kan lọ, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò tó 2 milliohm. Bí sípánà bá já lé orí méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpù ló máa sáré kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, irin á yọ́ kí ẹ tó lè ké. Fíúùsì ọkọ̀ lásán á bẹ́, iná á sì tún máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Class T ni kí ẹ béèrè, 125A, òun ni wọ́n ṣe láti gé 20,000A. Ẹgbẹ́ orí pọ́sítíìfù ìkẹyìn gan-an ni kí ẹ fi í sí. Bíréékà ara ògiri, ti iná NEPA, kì í ṣe ti bátìrì o. Iná bátìrì ń sáré tààrà láìdáwọ́ dúró, kì í bọ́ sí odo lemọ́lemọ́ bí ti NEPA, bíréékà yẹn kò ní lè pa á.

Ó kù kí ẹ mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba kí ẹ tó lò ó. Àwọn kan á ní kí ẹ so mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gbogbo pọ́sítíìfù pọ̀, gbogbo nẹ́gátíìfù pọ̀, kí ẹ fi ṣájà 3.65V sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 2240Ah lẹ dì pọ̀ yẹn. Bí ó bá ti kún dé ìdajì láti ọjà, ṣájà 10A á lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, iná kò sì ní dúró fún yín. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa kọ́kọ́ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú BMS, màá fi ínfátà ṣáájì wọn títí BMS á fi gé e torí sẹ́ẹ̀lì kan tó ti kún. Lẹ́yìn náà ni màá tú u, so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ṣájà kékeré wá parí ìyókù. Ẹ yí ṣájà náà sí 3.65V kí ẹ tó fi kan sẹ́ẹ̀lì, ẹ sì fi mítà wò ó. Tó bá ti kan sẹ́ẹ̀lì, ẹ má fọwọ́ kan ibi tí a ti ń yí fólítì ṣájà náà mọ́. Á pẹ́ gan-an lórí 3.3V àti 3.4V bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, lẹ́yìn náà á gùn lójijì. Ẹ má sùn tì í.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tò ó, ẹ bọ́ òrùka àti ṣéènì ọrùn, ẹ fi téèpù wé sípánà kó ku ẹnu rẹ̀ nìkan, kí sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ yín sì jìnnà sí tábìlì náà. Ẹ to sẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí pọ́sítíìfù ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́gátíìfù èkejì, kí pátákó fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín kálukú wọn. Ẹ fi pákó méjì dì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí wọ́n má lè mì, ẹ má fún wọn pa. Ẹ ha orí wọn àti básìbà, ìyẹn bàbà pẹlẹbẹ tó ń so orí sẹ́ẹ̀lì pọ̀, kó dán, ẹ fi ọtí sípíríìtì nù ún. Ẹ mú nọ́ọ̀tì le, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù rọ̀, eyín inú ihò rẹ̀ lè já. Sípánà tó ń wọn agbára, ní 4Nm sí 6Nm, ló dára jù. Nọ́ọ̀tì tó tú díẹ̀ ní ewu tirẹ̀: milliohm kan péré níbi tí 100A ń gbà, ooru 10W nìyẹn lójú kan.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ BMS ni ẹ máa fara balẹ̀ sí jù. Fún sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ni. Èyí dúdú lọ sí nẹ́gátíìfù sẹ́ẹ̀lì kìíní, èyí tó tẹ̀ lé e sí pọ́sítíìfù sẹ́ẹ̀lì kìíní, èyí tó tẹ̀ lé e sí ti èkejì, títí dé pọ́sítíìfù ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ. Kí ẹ tó fi pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ inú BMS, ẹ ti mítà bọ ẹnu ihò rẹ̀ ní méjì méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Bíi 3.3V, tàbí kó lé díẹ̀, ni kí ẹ máa rí ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá rí bíi 6.6V, tàbí odo, tàbí àmì yíyọ kúrò níwájú rẹ̀, wáyà kan ti ṣìnà. Ibí yìí ni BMS ti máa ń jóná jù lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú méjì ni wíwọ̀n rẹ̀ ń gbà. Wáyà ńlá tí wọ́n kọ B- sí lọ sí nẹ́gátíìfù sẹ́ẹ̀lì kìíní, P- lọ sí ínfátà. Bí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ ínfátà nígbà àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ fi rẹsísítọ̀ ńlá (ohun tó ń dín iná kù) bí 30 ohm kan án fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá kí kapásítọ̀ inú rẹ̀ (ohun tó ń gba iná pamọ́) kún, kó má bàa tanná pàápàá sí yín lójú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò ínfátà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí bátìrì olómi, ẹ pa ètò ṣáájì tí wọ́n ń pè ní equalize, òun ló lè gbé fólítì kọjá 29.2V. Ẹ fi 28.0V sí òpin ṣáájì, 27.0V sí float (fólítì tó ń dì í mú lẹ́yìn tó bá ti kún), 24.0V sí ibi tó máa gé iná. Bí ínfátà yín kò bá ní ibi tí a ti ń yí nǹkan wọ̀nyí padà, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀, ẹ wá èyí tí fólítì rẹ̀ bá àwọn tí mo sọ yìí mu. Fólítì lítíọ́mù kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀, ẹ má fi iye tó hàn lójú ínfátà mọ iye iná tó kù. Áàpù BMS ló ń ka Ah tó wọlé àti tó jáde. Alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ tan áyọ́ọ̀nù fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá pa á, kí ẹ sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ básìbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò le tó.

Àwọn bátìrì àtijọ́, rárá, ẹ má so wọ́n mọ́ ọn. Fólítì wọn kò bá ti lítíọ́mù mu, lítíọ́mù á kàn máa ṣáájì wọn tọ̀sán tòru láìsí èrè. Àwọn tó ń ké kọ̀ǹdẹ́mù bátìrì kiri àdúgbò á rà wọ́n, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń sanwó. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní kí ẹ da omi rẹ̀ nù sí kọ̀rọ̀ kí àwọn tó gbé e, ẹ má gbà. Ásíìdì àti òjé ni, kànga yín ló sì máa bọ́ sí. Kí wọ́n gbé e bó ṣe wà. Ẹ fi owó rẹ̀ kún ti fíúùsì.