Ẹ Bi Ìyá Olódòdó: Ewé Rẹpẹtẹ, Òdòdó Kò Sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ daylily, òdòdó tí ìtànná rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ, lójú ìwé yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé. Ti Ìyá Ayọ̀ ni mo fẹ́ jókòó tì jù lónìí, torí ohun tó ń ṣe é ti ṣe èmi náà rí.

"Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹfà rèé tí mo gbin daylily aláwọ̀ yẹ́lò síwájú ilé wa ní Baltimore. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wò ó. Ní báyìí, ewé ló pọ̀ bí oko ìrẹsì. Òdòdó tí mo rí ní sọ́mà tó kọjá kò ju méje lọ. Mo da ajílẹ̀ tí wọ́n ń fọ́n sí koríko sí i, ńṣe ni ewé tún ń pọ̀ sí i. Ọkọ mi ní kí n hú u dànù." – Ìyá Ayọ̀, Baltimore

Ìyá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u. Ibi tó wà ló há mọ́ ọn.

Daylily kò ta bí àlùbọ́sà. Gbòǹgbò tó sanra ló ní, ewé rẹ̀ á sì yọ láti ìdí kan, á tẹ́ sọ́tùn-ún sósì bí abẹ̀bẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbìn ín níbí ń pè é ní èdè tiwọn. Abẹ̀bẹ̀ kan á bí òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ìyẹn náà á bí tirẹ̀, tó bá fi máa di ọdún karùn-ún wọ́n á ti di agbo ńlá, gbogbo wọn á wá máa du omi kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni òdòdó máa ń dín kù. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló yẹ ká máa tú u pín. Ajílẹ̀ koríko yẹn náà dá kún un: náítírójìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, ewé sì ni náítírójìn ń gbé jáde. Ẹ má fún un mọ́.

Ní 2009 ni mo gbin irú daylily kan tó ń jẹ́ Stella de Oro, mẹ́jọ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó wọ ilé mi ní Maryland. Stella kúrú, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi pupa ẹyin. Walter Jablonski ló mú un jáde ní Indiana, 1975 ni wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun lẹ ń rí níwájú ilé ìfowópamọ́ àti ilé epo káàkiri Amẹ́ríkà, torí pé tó bá tanná tán, ó tún máa ń padà tanná. Tèmi dákẹ́ ní ọdún karùn-ún. Aládùúgbò mi kan, bàbá àgbàlagbà, rí i láti òdìkejì títì, ló bá gbé fọ́ọ̀kì oko méjì wá bá mi.

Ìparí oṣù kẹjọ ni, òdòdó ti tán lórí rẹ̀. Ó ní kí n gé ewé rẹ̀ kù sí nǹkan bí ínǹṣì mẹ́fà. A gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, a gbé e sókè. Ìdì kan tóbi tó abọ́ ìfọṣọ, àwa méjèèjì la gbé e. Bàbá wá ki fọ́ọ̀kì méjèèjì bọ àárín rẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, ó fa ọ̀kan sọ́dọ̀ ara rẹ̀, mo fa ìkejì sọ́dọ̀ mi, ìdì náà sì ya fàà! A fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa: ó funfun bí èyí tó fẹ́ pọ́n, ó wú káàkiri bí ọmọ ànàmọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ lásán la fi tú u. Abẹ̀bẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta papọ̀ ni kí ẹ fi gbin ojú kan. Gbòǹgbò tó bá ti rọ̀, ẹ gé e sọnù.

Níbi gbígbìn ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo bò ó mọ́lẹ̀ jinjin bí ẹni tó ń sin èbù iṣu sínú ebè. Nínú márùn-ún tí mo gbìn bẹ́ẹ̀, méjì ló yọrí lọ́dún kejì. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín: ibi tí iyẹ̀pẹ̀ bò tẹ́lẹ̀ máa ń funfun. Ibẹ̀ náà ni kí iyẹ̀pẹ̀ tún dé. Ìdí ewé kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ ju ínǹṣì kan lọ. Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ jọ bí ebè kékeré sínú ihò, kí ẹ gbé e jókòó lé e, kí gbòǹgbò rẹ̀ já sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ẹsẹ̀ ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n. Ẹ bò ó, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ bomi rin ín títí omi á fi wọlẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ sí méjì ni kí ó wà láàárín wọn. Ẹ fọ́n èérún igi sí ojú ebè, kó nípọn tó ínǹṣì méjì, ṣùgbọ́n kó má kan ọrùn rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ gbójú sókè wo igi tó wà nítòsí. Igi tó kéré lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn lè ti di ìbòòji báyìí, daylily sì ń fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi là láàárọ̀ Sátidé, kílẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́, ó ti rọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?" – Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Atlanta

Rárá, àbúrò. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Hemerocallis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló ti wá, ọjọ́ àti ẹwà. Ìtànná kan, ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìrudi pọ̀ lórí igi rẹ̀ kan ṣoṣo, òmíràn á là lọ́la. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú, tannápoṣó wà lẹ́bàá ògiri. Ìrọ̀lẹ́ ló ń là, tílẹ̀ bá mọ́ á pa dé, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní ayédèrú. Láàárọ̀, mo máa ń gbé abọ́ lọ́wọ́ yí ebè ká, mo ń já ti àná kúrò. Rọra já a o, ìrudi tó kàn án gbẹgẹ́, ó tètè ń ṣẹ́. Tí a bá fi ti àná sílẹ̀, ó lè so èso, èso á sì gba agbára tí ìdí ìbá fi pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀.

"Ìrudi daylily mi wú bí ẹni pé ó lóyún, ó kúrú, kò là. Mo fi èékánná la ọ̀kan, kòkòrò funfun tíńtínní ń rá nínú rẹ̀." – Bàbá Ìbejì, Peckham, London

Ẹ kú ojú lọ́nà, Bàbá Ìbejì. Eṣinṣin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Hemerocallis gall midge ló ń yé ẹyin sínú ìrudi náà, ọmọ rẹ̀ lẹ rí yẹn. Oògùn fífọ́n kò lè bá a nínú ibi tó sá pamọ́ sí. Ẹ já gbogbo ìrudi tó bá wú, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ so ó pa, kó bá pàǹtí lọ. Ẹ má dà á sórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, torí inú iyẹ̀pẹ̀ ló ń sùn de ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó máa ń pẹ́ tanná, tó fi di ìparí oṣù keje, sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú wọn ni kí ẹ rà tí ẹ bá fẹ́ fi kún un.

"Ṣé daylily léwu fún ológbò?" – Ọmọ wa kan, Houston

Ó léwu gan-an. Ewé, òdòdó, títí kan àtíkè inú òdòdó rẹ̀, ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́. Tó bá jẹ díẹ̀, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní wákàtí yẹn gan-an, má dúró wò ó. Bí ológbò rẹ bá ń jáde síta, má gbìn ín rárá.

"Mà, àǹtí mi ní òun á fi gbòǹgbò daylily sínú àpótí òun tó bá ń bọ̀ lóṣù kejìlá. Ṣé á hù n'Íbàdàn?" – Olùkọ́ kan, Ìbàdàn

Sọ fún àǹtí rẹ kó má dì í. Ohun ọ̀gbìn kì í wọ Nàìjíríà láìní ìwé àyẹ̀wò. Àrùn lè bá gbòǹgbò kan wọlé. Yàtọ̀ síyẹn, oríṣi daylily tí ewé rẹ̀ máa ń kú nígbà òtútù ń fẹ́ òtútù yẹn, kò sì sí irú rẹ̀ n'Íbàdàn. Ìdò ni kí o gbìn. Òun náà ń yọ òdòdó léraléra lórí igi kan, oòrùn wa kò sì ṣe é ní nǹkan. Hóró rẹ̀ dúdú, ó le bí òkúta, omi kì í tètè wọ̀ ọ́: ha ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mọ́ òkúta títí wàá fi rí funfun inú rẹ̀, rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí o wá gbìn ín nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Tó bá là, kọ̀wé sí mi, kí o sọ bóyá pupa ni tàbí yẹ́lò.