Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ẹ́ńjìnnì Dísù Tí Ẹ Tú Sílẹ̀ Nílé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Cummins 6BT onílítà 5.9, oní-fáàfù méjìlá, ló wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù mi. Ó ń jẹ ọ́ìlì, èéfín rẹ̀ ti di búlúù, bí mo bá sì ṣí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí, èémí gbígbóná ń rú jáde níbẹ̀ bí ìkòkò tó ń hó. Mo ti tú u sílẹ̀. Mo ti ra písítìnnì mẹ́fà àti ríǹgì wọn, gbogbo rẹ̀ sítáńdáàdì, ìyẹn ìwọ̀n àtilẹ̀wá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tò ó. Ẹ ti rà kí ẹ tó wọ̀n, bẹ́ẹ̀ wíwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú.

Búlọ́ọ̀kù 6BT kò ní láínà, ìyẹn páìpù irin tí wọ́n máa ń tì bọ inú sílíńdà àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn. Inú irin búlọ́ọ̀kù gan-an ni wọ́n gbẹ́ sílíńdà sí, torí náà kò sí láínà tí ẹ ó yọ kí ẹ fi tuntun sí i bí ihò bá ti jẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ ní tuntun jẹ́ 102 mm. Tó bá ti kọjá 102.116 mm, tàbí tí òkè fi ju 0.076 mm yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, tàbí tí ihò náà kò rí roboto mọ́ tó sì fi ju 0.038 mm lọ, písítìnnì sítáńdáàdì yín ò bá a mu mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn: ibi mẹ́fà nínú sílíńdà kan, mẹ́rìndínlógójì lápapọ̀. Òkè, níbi tí ríǹgì àkọ́kọ́ ti ń ṣẹ́rí padà, ló máa ń jẹ jù, torí ibẹ̀ ni iná ti mú jù tí ọ́ìlì sì ti ṣọ̀wọ́n jù.

Bó bá ti jẹ, àwọn tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́sílíńdà ni yóò fẹ̀ ẹ́, písítìnnì tó fi 0.5 tàbí 1.0 mm tóbi ju sítáńdáàdì lọ ni ẹ ó sì lò. Ẹ gbé písítìnnì náà lọ bá wọn kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun. Ara písítìnnì ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Bó bá ṣì wà nínú ìwọ̀n, họ́nù nìkan ti tó, ìyẹn fífi òkúta ha ògiri sílíńdà kó lè ní ilà wẹ́wẹ́. Ohun tó sì ń ba họ́nù jẹ́ jù ni àìfọ̀ ọ́ dáadáa. Lẹ́búlẹ́bú òkúta họ́nù máa ń há sínú àwọn ilà tó fà. Dísù tàbí pẹtiróòlù kì í gbé e jáde, ńṣe ló ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kó máa jẹ ríǹgì tuntun. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Ẹ fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun tí ẹ fi nù ún kò fi ní dúdú mọ́, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀, torí pé kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà.

Ẹ fi ríǹgì kọ̀ọ̀kan sínú sílíńdà tirẹ̀, kí ẹ fi orí písítìnnì tì í kó dúró gún, kí ẹ wá fi feeler gauge, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo, wọn ẹnu rẹ̀: 0.40 sí 0.70 mm fún ríǹgì òkè, 0.25 sí 0.55 mm fún ìkejì àti ti ọ́ìlì. Bí àlàfo náà bá kéré jù, ooru á mú kí ẹnu ríǹgì pàdé, á sì há mọ́ ògiri sílíńdà. Bó bá fẹ̀ jù, èémí tí ẹ ń sá fún yóò padà dé. Ojú tí wọ́n kọ TOP sí ló ń wo òkè. Ẹnu ríǹgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà.

Bí ẹ bá ń fi Plastigage, fọ́nrán rírọ̀ tó ń tẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹ bá di bẹ́ríǹgì lé e, wo àlàfo bẹ́ríǹgì, bẹ́ríǹgì náà gbọ́dọ̀ gbẹ, ẹ má sì yí crankshaft, ọ̀pá tí àwọn písítìnnì ń yí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti di bọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá yí i, fọ́nrán náà á fẹ̀, ẹ ó wá rò pé àlàfo kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ fín afẹ́fẹ́ sí àwọn ẹnu kéékèèké tó ń fọ́n ọ́ìlì sábẹ́ písítìnnì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé wọn.

Ní ti agbára tí ẹ ó fi di bọ́ọ̀tì, bọ́ọ̀tì main bearing, bẹ́ríǹgì tó gbé crankshaft dúró, ń gba 60, lẹ́yìn náà 119, lẹ́yìn náà 176 Nm. Ti conrod, apá tó so písítìnnì mọ́ crankshaft, jẹ́ 35, 70, 100 Nm, ìdérí conrod kan kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí òmíràn. Ẹ wo nọ́ńbà wọn. Fún cylinder head, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ síta: 90 Nm fún gbogbo bọ́ọ̀tì, 120 Nm fún àwọn gígùn, kí ẹ wá yí gbogbo wọn ní dígírì 90 sí i.

Ó ku ohun kan níwájú ẹ́ńjìnnì. Pín-ìn irin kékeré kan wà nínú ilé jíà tí àwọn tó mọ 6BT ń pè ní killer dowel pin. Wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ bọ inú ihò rẹ̀ ni, kò sí ohun tó dì í mú. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì lè tì í jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já sáàárín jíà, tí yóò sì fọ́ ilé jíà náà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ṣí ibẹ̀, ẹ gé irin pẹlẹbẹ kan, kí ẹ fi bọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dì í lé ẹnu ihò náà, kí ẹ sì fi threadlocker, gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀tì tú, sí bọ́ọ̀tì ọ̀hún.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti tún 6BT tèmi ṣe, pọ́ǹpù dísù P7100 ló wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ kó lágbára sí i láti fi fa tírélà. Wọ́n ní kí n kàn yọ fuel plate, irin pẹlẹbẹ inú pọ́ǹpù tó ń dín dísù kù, kí dísù pọ̀ sí i. Ṣé ìyẹn tó?

ÌDÁHÙN: Ó tó láti yọ́ písítìnnì.

P7100 kì í fi dísù ṣahun. Afẹ́fẹ́ ni kì í tó. Èéfín dúdú tí àwọn kan fi ń ṣe fújà, dísù tí kò rí afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó tán ni, ooru rẹ̀ sì ń lọ sórí písítìnnì àti tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù, ẹ kọ́kọ́ fi pyrometer, gééjì ooru èéfín, sí i. Inú manifold, páìpù tó ń kó èéfín jọ, ṣáájú tọ́bò, ni ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, torí pé èéfín ti máa ń tutù díẹ̀ kó tó jáde lẹ́yìn tọ́bò. Bí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù tí ooru sì ń sún mọ́ 700 °C, ẹ dẹ ẹsẹ̀, kí ẹ sì bọ́ sí jíà ìsàlẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè yára yí, kó sì rí afẹ́fẹ́ fà. Ẹ tún wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò lára páìpù intercooler, ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni kílípù, agbára tó ń dá padà kì í sì í ṣe kékeré.

Gófánọ̀ pọ́ǹpù náà, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré jù, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa dísù sẹ́yìn ní nǹkan bíi 2,500 rpm. Sípíríǹgì gófánọ̀ 3,000 rpm wà, ṣùgbọ́n sípíríǹgì fáàfù àtilẹ̀wá ò lágbára tó láti bá a dé ibẹ̀. Fáàfù kò ní tètè padà sí ìjókòó rẹ̀. Sípíríǹgì fáàfù 60-pound ni kó ṣáájú. Ẹ ó sì rí i pé kílọ́ọ̀ṣì ló máa kọ́kọ́ kígbe, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti tò ó tán. Ṣé kí n kàn yí kọ́kọ́rọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ ṣe ètò àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: 0.25 mm fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.50 mm fún ti èéfín. Ẹ bu ọ́ìlì 15W-40 kún fílítà kí ẹ tó dì í. Ẹ ti ọ̀nà dísù pa, kí ẹ wá fi sítátà yí i, kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2 kí ẹ tó tún un yí, títí gééjì ọ́ìlì yóò fi gbéra. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí dísù, kí ẹ sì tú nọ́ọ̀tì páìpù injector díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tí ó ti ń jò o! Dísù tó ń ti ẹnu injector jáde lè gún awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ á sì parí sí.

Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan tó lè bo ẹnu tọ́bò sí ìtòsí. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ò lè pa á. Àfi kí ẹ dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, pákó ni kí ẹ sì fi dí i, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́.

Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, tó sì ti gbóná, ìwọ̀n ọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 10 psi lọ bí ó bá ń yí jẹ́jẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, tàbí 30 psi bí ó bá ń sáré. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa kùn lásán fún wákàtí kan. Ẹrù ni ríǹgì fi ń jókòó. Bí kò bá rí ẹrù fà, ògiri sílíńdà á dán, ọ́ìlì jíjẹ á sì padà.

ÌBÉÈRÈ: Gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ya. Ṣé mo lè fi sílíkónì kún un dáadáa?

ÌDÁHÙN: Ẹ ra òmíràn. Èyí tó bá tú sínú nínú sílíkónì náà máa ń já, ẹnu páìpù tó ń fa ọ́ìlì ló sì máa ń lọ dí. Ojú ibi tí irin mẹ́ta ti pàdé nìkan ni ẹ lè kàn án sí, kó má sì ju ìwọ̀n orí ìṣáná lọ.